Bí Wọ́n Ṣe Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Gboyè Nínú Èdè àti Àṣà Jámánì ní Amẹ́ríkà

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà tó ní ẹ̀ka èdè Jámánì kì í sábà béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ èdè náà kó tó wọlé. Ìdánwò kékeré kan ni wọ́n fi ń wo ibi tí ìmọ̀ kálukú dé: ẹni tó ti kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama lè bọ́ sí kíláàsì ọdún kejì, ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Nǹkan bíi kírẹ́díìtì 120, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ kọ́ọ̀sì, ni wọ́n fi ń gba oyè ọlọ́dún mẹ́rin níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti Jámánì gan-an sábà máa ń wà láàárín 30 sí 36, ìyẹn kọ́ọ̀sì 10 sí 12 tó jẹ́ kírẹ́díìtì mẹ́ta-mẹ́ta. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í tètè rí ni pé ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, kọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́ kì í wọ inú ìṣirò yẹn rárá. Ẹni tó bá dúró di ọdún kẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, yóò ṣòro fún un láti parí lásìkò. Sáà àkọ́kọ́ pàá ló yẹ kó ti mú un.

Àmọ́ bí ọdún àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ wọ ìṣirò, òun ló ń sọ bí ìyókù yóò ṣe rí. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ Jámánì ló ní ìpín tirẹ̀: akọ, abo, tàbí èyí tí kò ṣakọ tí kò ṣabo. Lórí tábìlì oúnjẹ kan ṣoṣo, ṣíbí jẹ́ akọ, der Löffel. Fọ́ọ̀kì jẹ́ abo, die Gabel. Ọ̀bẹ bọ́ sí ìpín kẹta, das Messer. Kò sí ohun tó wà lára ṣíbí tó sọ ọ́ di akọ. Yorùbá tó ń fi “ó” kan náà pe bàbá, ìyá àti àga kò ní ohun tó lè fi ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ níbí, àkọ́sórí ni. Ìrọ̀rùn díẹ̀ wà nínú ìparí ọ̀rọ̀. Èyí tó bá parí sí -ung, -heit, -keit tàbí -schaft, abo ni. Èyí tó bá parí sí -chen, ìpín kẹta ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, das Mädchen.

Ẹni tó bá fojú di ìpín yìí, inú gbólóhùn ni yóò ti rí ìjà rẹ̀. Der Hund beißt den Mann: ajá bu ọkùnrin náà jẹ. Yí i padà, Den Mann beißt der Hund, ajá náà ló ṣì bu ọkùnrin jẹ. Nínú Yorùbá, ipò ló ń fi olùwà àti àbọ̀ hàn. Tí a bá gbé ọkùnrin síwájú tí a gbé ajá sẹ́yìn, ọkùnrin ló di ẹni tó ń bu ajá jẹ. Nínú Jámánì, der àti den ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Der Mann ni tó bá jẹ́ olùwà, den Mann tó bá jẹ́ àbọ̀, dem Mann tí a bá fún un ní nǹkan, des Mannes tí nǹkan bá jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ìpín ọ̀rọ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò máa ṣì í bọ̀ nínú gbogbo gbólóhùn tó bá kọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ “Hund, ajá” sínú ìwé rẹ̀ kó sì dákẹ́. “Der Hund, die Hunde” ni kó kọ, torí ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ohun púpọ̀ náà kò ní òfin kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ní wàhálà tirẹ̀. Ich rufe dich morgen an ni “màá pè ọ́ lórí fóònù lọ́la.” Anrufen ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ṣùgbọ́n ó ti já sí méjì, an sì ti sá lọ sí ìdí gbólóhùn. Ẹni tó bá wo rufe nìkan nínú ìwé atúmọ̀ èdè yóò rò pé ẹnì kan ń kígbe ni. Ka gbólóhùn dé ìdí kí o tó ṣí ìwé atúmọ̀.

Ìlànà Yúróòpù pín ìmọ̀ èdè sí ipele mẹ́fà, láti A1 dé C2. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹra mọ́ṣẹ́ máa ń wà ní àyíká A2 ní ìparí ọdún kìíní, á sì máa sún mọ́ B1 ní ìparí ọdún kejì. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń já sílẹ̀, torí kíláàsì ọdún kẹta kì í ṣe ti gírámà mọ́. Ìtàn Kafka tàbí eré Brecht, àwọn òǹkọ̀wé èdè Jámánì, ni, ogún ojú ìwé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tó bá ní òun á túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní í kọjá ojú ìwé kẹrin, orí á sì ti máa fọ́ ọ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kó kà á lẹ́ẹ̀kan láìṣí ìwé atúmọ̀, kó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kó wá wo kìkì ọ̀rọ̀ tó bá fojú hàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ka tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi kọ́ọ̀sì kan ṣe afárá sí àárín ọdún kejì àti ìkẹta. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní irú rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn kàwé dí àlàfo náà.

Àṣà kì í ṣe àfikún sí èdè. Òun ló ń jẹ́ kí èdè yé ni. Mú ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kéde ìjọba olómìnira ní 1918, ọjọ́ yẹn ni ìdìtẹ̀ Hitler ní Munich forí ṣánpọ́n ní 1923, ọjọ́ yẹn ni wọ́n dáná sun sínágọ́gù àwọn Júù ní 1938, ọjọ́ yẹn náà ni ògiri Berlin ṣí ní 1989. Ẹni tí kò mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó bá dárúkọ ọjọ́ náà, tàbí ìdí tí ọjọ́ ìsinmi orílẹ̀-èdè fi bọ́ sí 3 oṣù kẹwàá, ọjọ́ tí Jámánì méjèèjì, ti Ìlà Oòrùn àti ti Ìwọ̀ Oòrùn, di ọ̀kan ní 1990.

Nǹkan kan tún wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní pàápàá lè kà fúnra rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Stolperstein, òkúta ìkọsẹ̀: òkúta kékeré tí wọ́n fi idẹ bo ojú rẹ̀, tí kò ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti òró lọ, tí wọ́n rì sínú ojú ọ̀nà níwájú ilé tí ẹni tí ìjọba Násì ti Hitler pa tàbí ṣe inúnibíni sí ti fúnra rẹ̀ yàn láti gbé kẹ́yìn. Ayàwòrán Gunter Demnig ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ti lé ní 100,000 káàkiri Yúróòpù. Hier wohnte ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, “ibí ni ó gbé.” Orúkọ tẹ̀ lé e, ọdún ìbí, lẹ́yìn náà deportiert, ermordet: wọ́n kó o lọ, wọ́n pa á. Kò sí olùwà nínú ọ̀rọ̀ méjì ìkẹyìn yẹn. Ẹ̀kọ́ gírámà nípa gbólóhùn tí kò dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan wà lórí òkúta náà, ẹ̀kọ́ ìtàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kíláàsì tó dára kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti lo sáà kan tàbí ọdún kan ní Jámánì. Kàlẹ́ńdà kì í dọ́gba. Sáà ìgbà òtútù yunifásítì Jámánì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, kíláàsì á sì wà títí di oṣù kejì, nígbà tí sáà kejì ti Amẹ́ríkà ti ń lọ láti oṣù kìíní. Ẹni tó bá fẹ́ lo sáà kan péré, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ló rọrùn fún un. Kírẹ́díìtì náà yàtọ̀: 60 ni ti ọdún kan ní Yúróòpù, nǹkan bíi 30 ni ti Amẹ́ríkà, nítorí náà kọ́ọ̀sì oní-6 níbẹ̀ á di 3 nílé. Máàkì tún wá dorí kodò. 1.0 ló dára jù ní Jámánì, 4.0 ni ó kéré jù tó ṣì yege; ní Amẹ́ríkà, 4.0 ni òkè téńté. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àdéhùn sórí ìwé lórí bí wọn yóò ṣe yí i padà kó tó kúrò nílé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó wọ ilé ní Jámánì, òfin ní kó lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. Ìwé tí wọ́n á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni Wohnungsgeberbestätigung. Ẹ̀yìn ni ká ti tú u: Bestätigung, ìjẹ́rìísí, Geber, ẹni tó fúnni, Wohnung, ilé. Ìjẹ́rìísí láti ọwọ́ onílé. Apá ìkẹyìn ló ń pinnu ìpín gbogbo rẹ̀, -ung ló sì fi parí, nítorí náà abo ni.

Oyè Jámánì máa ń lágbára sí i tó bá ní èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yunifásítì Rhode Island ti ń so ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láti 1987, oyè méjì ní ọdún márùn-ún, tí wọ́n ń lo ọdún kan nínú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ní Jámánì. Ètò Fulbright, ètò ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, náà ń rán àwọn tó ti gboyè lọ ran olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe másítà tí wọ́n ń fi èdè Jámánì kọ́, ìwé ẹ̀rí oyè láti Amẹ́ríkà nìkan kì í sábà tó. Wọ́n á béèrè ìdánwò èdè Jámánì bíi TestDaF, tó ní apá mẹ́rin: kíkà, gbígbọ́, kíkọ àti sísọ. Ipele 4 nínú apá kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fẹ́, 5 nínú kíkà kò sì lè bo 3 nínú sísọ mọ́lẹ̀.