Bí Ìdájọ́ Onímọ̀ Ṣe Ń Wọ Inú Ìròyìn Tí Wọ́n Fi Ń Ṣòfin Àyíká

Kí ìjọba tó ṣòfin lórí èéfín tàbí oògùn apakoríko, ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló máa ń kọ́kọ́ gbára lé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n kó èsì ìwádìí jọ, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ ìwádìí kan lè wo eku, kí òmíràn wo èèyàn, kí èsì méjèèjì má sì bára mu. Ẹnì kan ní láti sọ èyí tó wúwo jù. Ìdájọ́ nìyẹn.

Ẹ wo ìbéèrè kan tó wà nídìí gbogbo ìlànà ojú ọjọ́: bí carbon dioxide, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, bá di ìlọ́po méjì nínú afẹ́fẹ́, báwo ni ayé á ṣe gbóná tó? Ní 1979, ìgbìmọ̀ kan tí Jule Charney, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, darí ní Amẹ́ríkà jókòó lé e lórí. Àwòṣe kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wọn kò pọ̀. Àwọn kan sọ pé ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n 2 lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i, òmíràn sún mọ́ 4. Ìgbìmọ̀ náà ro ti ohun tí àwòṣe wọ̀nyẹn kò tíì mọ̀ dáadáa, irú bí ìkùukùu, wọ́n fi ààbọ̀ ìwọ̀n kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ pé 1.5 sí 4.5 ni. Òye àti ìrírí ló bí ààbọ̀ ìwọ̀n yẹn. Síbẹ̀, 1.5 sí 4.5 náà ló tún wà nínú ìròyìn tí IPCC, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkópọ̀ ìwádìí lórí ojú ọjọ́, gbé jáde ní 2013. Ní 2021, wọ́n sún un sí 2.5 sí 4, nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rí oríṣiríṣi pọ̀: ìṣesí ìkùukùu, bí ayé ṣe ń gbóná láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn, àti ojú ọjọ́ ayé àtijọ́. Ìdájọ́ kò kúrò níbẹ̀ o. Wọ́n ṣì ní láti pinnu bóyá ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan dá dúró tàbí ọ̀kan ń gbé òmíràn lẹ́sẹ̀.

Kí oníkálùkù má baà máa sọ ọ́ bó ṣe wù ú, IPCC fi òdiwọ̀n sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan rí báyìí, ó kéré tán 66 nínú 100 ni wọ́n ní lọ́kàn. Tó bá ṣeé ṣe gan-an, 90. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, 99. Níbi tí kò bá ti sí iye tó ṣeé fi sí i, wọ́n á sọ bí ẹ̀rí ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe fẹnu kò tó.

Ìdájọ́ lè yàtọ̀ síra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ní oṣù kẹta 2015, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, sọ pé glyphosate, oògùn apakoríko, ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, EFSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, ní kò dà bíi pé ó ń fà á. Ìwádìí tó wà ní gbangba ni IARC wò, títí kan èyí tí wọ́n ṣe lórí oògùn tí wọ́n ti pò pọ̀ fún títà. EFSA gbájú mọ́ glyphosate fúnra rẹ̀, ó sì ka ìwádìí tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fi ránṣẹ́ mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ti yàtọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo ìròyìn kọ ọ́ síta kedere: ohun tí wọ́n kà, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, àti ìdí rẹ̀.

Níbi tí ẹ̀rí bá ti ṣọ̀wọ́n jù, irú bí ọ̀rọ̀ bí yìnyín Antarctica ṣe máa yọ́ tó, wọ́n lè bi àwọn onímọ̀ léèrè ní tààràtà. Nínú ọgbọ́n tí Roger Cooke, onímọ̀ ìṣirò, gbé kalẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè kan tí àwọn olùbéèrè ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìmọ̀ òun mọ, tí ìdáhùn rẹ̀ sì ṣe pàtó, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n á ka sí jù. Òkìkí àti oyè kò wọ inú ìṣirò náà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan ìjọba. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè máa ń ka àkópọ̀ ìròyìn IPCC ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n lè ní kí wọ́n tún gbólóhùn kan sọ kó lè yé ni, àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé wà ní ìjókòó náà, àwọn ló sì ń sọ bóyá gbólóhùn tuntun náà bá ohun tó wà nínú ìròyìn gangan mu.