Bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń mọ ohun tí ìjì gbé lọ sókè

Kì í ṣe omi nìkan ni ìjì àrá ń gbé ròkè. Èéfín ọkọ̀, èéfín igbó tó ń jó àti gáàsì tí ewé igi ń tú jáde ń bá a gòkè dé nǹkan bíi kìlómítà 10, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Otútù mú lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ sì ń sáré, nítorí náà ọ̀pọ̀ gáàsì tí kì bá pẹ́ nílẹ̀ a máa pẹ́ níbẹ̀, á sì rìn jìnnà.

Àwọn olùṣèwádìí kì í wa ọkọ̀ gba àárín gbùngbùn ìjì kọjá, torí yìnyín àti àrá. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde ni wọ́n ń ṣọ́. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ọdún 2012, ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta péjọ sí Salina, ní Kansas, Amẹ́ríkà, fún iṣẹ́ ìwádìí ìjì tí wọ́n pè ní DC3. Nígbà náà, DC-8 ti NASA sábà máa ń yí po nísàlẹ̀; Gulfstream V ti NCAR, ilé iṣẹ́ ìwádìí afẹ́fẹ́ ayé ní Amẹ́ríkà, àti Falcon ará Jámánì a máa wà lókè, níbi tí orí àwọsánmà ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Páìpù tó yọ lára ọkọ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ. Fún gáàsì tó ń jẹ́ nitric oxide, ẹ̀rọ á da gáàsì mìíràn, ozone, pọ̀ mọ́ ọn. Bí méjèèjì bá pàdé, ìmọ́lẹ̀ bín-ín-tín á tàn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni gáàsì náà ṣe pọ̀ tó.

Kí wọ́n kàn yọ iye gáàsì tó dé òkè kúrò nínú iye tó wà nísàlẹ̀ kò tó o. Bí gáàsì formaldehyde bá pọ̀ nísàlẹ̀ tó sì kéré lókè, òjò lè ti fọ̀ ọ́ dànù, ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ló dà pọ̀ mọ́ ọn. Butane, tó wà nínú gáàsì ìdáná, ló ń ṣèdájọ́, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Òjò kì í rí butane fọ̀. Ká ní ìdajì rẹ̀ ló dé òkè, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló fà á. Bí formaldehyde wá ku ìdá kan nínú márùn-ún, àlàfo tó kù, ọwọ́ òjò ló wà.

Nitric oxide ní tirẹ̀ sábà máa ń pọ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Mànàmáná ló ń ṣe é: ooru rẹ̀ ń fọ́ nitrogen àti oxygen inú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì so pọ̀ di nitric oxide. Nítorí èyí, wọ́n tún máa ń lépa afẹ́fẹ́ ìjì náà lọ́jọ́ kejì, lọ síbi tó ti fẹ́ dé, torí oòrùn á ti máa fi nitric oxide àti èéfín tó bá a gòkè ṣe ozone. Ozone ibi gíga bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó ń há ooru mọ́ ayé.