“Kí ló wà nínú ike ṣíṣa?”

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti wọ búùtù lọ ṣa ike àti pàǹtí ní etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, Bàrígà, lọ́jọ́ Sátidé, ẹnìkan ò ní ṣàìsọ ọ́: “Ṣé ilẹ̀ gbígbá náà lẹ tìtorí ẹ̀ lọ yunifásítì?” Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìyá ọlọ́jà ń sọ ọ́, awakọ̀ dáńfó ń sọ ọ́, àní àwọn tó jókòó sílé láìríṣẹ́ náà ń sọ ọ́. Lójú wọn, ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti kó pàǹtí láìgbowó kò lè rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀ ju ẹ̀yìn ríro lọ.

Pé ọmọ bẹ́ẹ̀ á dojúlùmọ̀ èèyàn, á sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá báálẹ̀ àti káńsù sọ̀rọ̀, mi ò ní jiyàn lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti kó ogún ọ̀dọ́ dé ojú kan lásìkò kan náà rí ní ìlú Èkó yìí mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ibi tí wọ́n ti máa ń lẹ́ mọ́ni lọ́rùn ni ti ike. “Ṣebí ike ni ike?”

Irọ́ ni. Yí ìdí ike sókè, o máa ń bá ọfà mẹ́ta tó yí ara wọn po níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà kan láti 1 dé 7 tó ń sọ irú ike tó jẹ́. Ìgò omi àti ti mínírà, 1. Kẹ́ẹ̀gì òróró, 2. Páìpù omi, 3. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, 4, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Abọ́ funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, èyí tí ìjọba Èkó kéde lóṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn ò fẹ́ mọ́, 6.

Ẹni tí kò bá gbà, kó bu omi sínú bàsíà. Kó gé ara ìgò omi wẹ́wẹ́, kó gé ìdérí rẹ̀ náà, kó da méjèèjì sínú omi, kó sì fọwọ́ rò ó. Ara ìgò á rì, ìdérí á léfòó. Lítà omi kan wúwo tó kílò 1. Ohun tí wọ́n fi ṣe ara ìgò, bó bá kún lítà kan, á tó bíi kílò 1.38. Ti ìdérí kò tó kílò 1. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tún ike lò fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dara wọn láàmú? Nítorí iná. Ara ìgò kì í yọ́ títí ooru fi máa tó nǹkan bíi 250 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì ti ń yọ́ ní nǹkan bíi 130. Bí wóró ike nọ́ńbà 3 bá ṣèèṣì wọ àárín nọ́ńbà 1, òkúta inú ẹ̀wà ni: ó ti ń jóná kí èkejì tó yọ́, èéfín rẹ̀ ní ásíìdì, á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí oníbàárà fi ń tú àpò wò kó tó dárúkọ owó. Ìgò tó mọ́ gaara sì máa ń wọ́n ju aláwọ̀ ewé lọ, torí àwọ̀ tó bá wuni ni wọ́n lè pa á. Ọmọ tó ṣe èyí fún oṣù bíi mélòó kan ti fọwọ́ kan kẹ́mísírì tí ẹlòmíì kàn dà kọ sínú ìwé ni.

Àmọ́ ṣé òun ló ń sọ ohun tí ọmọ máa dà? Ìyẹn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Bilikiss Adebiyi-Abiola dá ilé-iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2012, tí wọ́n ń lọ kó àlòkù lójúlé dé ojúlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, kì í ṣe etí ọ̀sà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tó ti ní àfojúsùn tẹ́lẹ̀ náà ló ń jí lọ síbẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀. Ta ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀?

Kò sì yẹ ká purọ́: ọ̀pọ̀ irú ìjáde bẹ́ẹ̀ ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kó ike, ewé àti bàtà jákújàku sínú àpò kan náà, wọ́n á gbé e sẹ́bàá gọ́tà, òjò á sì dá a padà síbi tí wọ́n ti kó o. Irú ìyẹn, ìyá ọlọ́jà jàre.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ má fi ọ̀rá wé ọwọ́ kẹ́ ẹ pè é ní ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti àfọ́kù ìgò wà nínú pàǹtí. Ẹ má wọnú kànáà lásìkò òjò, ẹnikẹ́ni tó bá rán yín. Bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù nítorí sátífíkéètì, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló ń ṣa ike náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ta ló ń kọ iye kílò sílẹ̀, mọ́tò ta ló sì máa wá kó o.