Ohun tí owó sikáòtù ń rà nínú líìgì bésíbọ́ọ̀lù orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní 1988, ẹgbẹ́ Los Angeles Dodgers mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mike Piazza nínú dráfítì, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìpele 62. Ẹni 1,390 ni. Àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ti mú ẹni tó lé ní 1,300 kí ojú ẹnikẹ́ni tó kàn án. Ní 2016, orúkọ rẹ̀ wọ ilé ìrántí àwọn ògbóǹtarìgì bésíbọ́ọ̀lù ní Cooperstown. Kì í ṣe pé àwọn ẹgbẹ́ kò ní sikáòtù nígbà yẹn, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rìn kiri pápá ilé ìwé, kí wọ́n wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ eré. Wọ́n wò ó, wọn ò rí i.

Irú àìríran yìí ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ mọ́ Out of the Park Baseball, géèmù tí Markus Heinsohn, ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀, tó ti wà lórí àtẹ láti 1999. Nínú géèmù yìí, kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ọ̀lù tàbí tó ń fi igi gbá a. Mánéjà lèèyàn ń ṣe: ó ń ra eléré, ó ń tà, ó ń san owó wọn. Nínú líìgì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ènìyàn tirẹ̀. Kálukú á gba fáìlì líìgì sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á ṣe ètò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ padà. Kọmíṣánnà, ẹni tó ń darí líìgì náà, á wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbá eré ọjọ́ mélòó kan, fáìlì tuntun á sì jáde.

Eléré kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n gidi tó fara pamọ́ sínú géèmù. Mánéjà kì í rí i. Ohun tí sikáòtù bá sọ ló ń rí, lórí òṣùwọ̀n tó sábà máa ń lọ láti 20 dé 80, tí 50 jẹ́ ti eléré tí kò gùn tí kò kúrú ní líìgì àgbà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ti ń ṣì í: wọ́n rò pé bí owó sikáòtù bá pọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn á túbọ̀ mọ eré. Rárá o. Owó ìdàgbàsókè eléré wà lọ́tọ̀. Owó sikáòtù kò sọ ẹni 45 di 60. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín kùrukùru kù. Ká ní ọmọ ọdún 18 kan wà tí ìròyìn sọ pé ó lè dé 60. Bí owó bá kéré, ó ṣeé ṣe kí òótọ́ ibẹ̀ jẹ́ 40, ó sì lè jẹ́ 70. Bí owó bá tó, àlàfo yẹn á fún pọ̀. Kò ní parẹ́.

Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń pín owó yìí sí: líìgì àgbà, àwọn líìgì kékeré abẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè, àti àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń dúró de dráfítì. Fífún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dà bí ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n kùrukùru inú apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí kò dọ́gba. Ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù ọdún márùn-ún ní líìgì àgbà, tó ń gbá eré 162 lọ́dọọdún, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti sọ irú ẹni tó jẹ́. Ojú lásán ti tó láti kà á. Ọmọ ọdún 16 láti Dominican Republic tàbí Venezuela kò ní ìwé kankan tó ṣeé kà. Àfi ojú sikáòtù. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ mánéjà tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ṣe ń fún líìgì àgbà ní èyí tó kéré jù, bóyá ìdá 10, tí wọ́n á sì da èyí tó pọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé àti ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹgbẹ́ tó ń lé ife lọ́dún yìí kò gbọ́dọ̀ wo aago aláago ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa kì í tètè mú eléré nínú dráfítì. Ohun tó nílò ni kó mọ òótọ́ nípa àwọn ọmọ tirẹ̀ ní líìgì kékeré, torí àwọn ni yóò fi ṣe pààrọ̀.

Nínú pààrọ̀ yìí gan-an ni líìgì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti yàtọ̀ sí èyí tí èèyàn ń dá ta pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ìròyìn kan wà tí gbogbo mánéjà jọ ń rí, ti OSA, àjọ sikáòtù inú géèmù náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ìròyìn tirẹ̀ bá bá ti OSA mu lórí gbogbo ọmọ, kò tíì ra nǹkan kan tí àwọn yòókù ò ní. Ibi tí ìròyìn méjèèjì bá ti yapa ni ọjà wà. Bí OSA bá pe ajùbọ́ọ̀lù kan ní 50, tí sikáòtù tìrẹ pè é ní 65, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ni í tà á ní owó ẹni 50. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tìrẹ ni OSA ń yìn, tí sikáòtù rẹ ń mi orí, tètè wá oníbàárà. Àmọ́ ẹni tó wà lódìkejì náà ní sikáòtù, òun náà lè ti rí ohun tí o rí. Ó sì lè jẹ́ sikáòtù tìrẹ ló ṣì í. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí owó líìgì kékeré má gbẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń patẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gá sikáòtù fúnra rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ó ní ìwọ̀n tirẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹlòmíì mọ ọmọ ilé ìwé wò bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́, kó má dá ará òkèèrè mọ̀. Bí o bá da owó sílẹ̀ òkèèrè lábẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, afọ́jú lo ra jígí fún. Ó tún ní ohun tí ojú rẹ̀ ń fẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀bùn tútù, ara líle, apá tó ń ju òkò. Wọ́n á máa gbé ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan ga. Àwọn mìíràn fẹ́ ẹni tó ti ń ṣe é báyìí. Ẹni tó bá mọ ìhà tí ọ̀gá sikáòtù rẹ̀ tẹ̀ sí á máa yọ díẹ̀ kúrò nínú ìyìn rẹ̀.

Oṣù keje ni dráfítì gidi ń wáyé láti 2021. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sì ni ilẹ̀kùn ń ṣí fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́. Nítorí èyí, àwọn kan máa ń ti owó láti apẹ̀rẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn bí ọdún ṣe ń yí. Kò burú, bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn sikáòtù kì í yí padà lóòjọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dé. Mánéjà tó bá yí ìpín rẹ̀ padà nígbà tí dráfítì ku ọ̀sẹ̀ kan, ìròyìn àtijọ́ ni yóò ṣì fi mú eléré.