Ẹ́ńsáìmù tó wà nídìí orí pípá

Ẹ wo orí apárí dáadáa. Iwájú àti àtàrí ló ń dán. Irun ìpàkọ́ àti ti ẹ̀gbẹ́ etí ṣì wà níbẹ̀ digbí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ káàkiri orí yẹn. Àwọn tó ń sọ pé họ́móònù ọkùnrin ló pọ̀ jù lára apárí kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀.

Testosterone ni họ́móònù náà. Tó bá dé ìdí irun, ẹ́ńsáìmù (èròjà ara tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn) tó ń jẹ́ 5-alpha reductase á sọ ọ́ di DHT (dihydrotestosterone), ọmọ tó lágbára ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹni tí ìdí irun iwájú àti àtàrí rẹ̀ kò lè fara da DHT láti ìran wá ló wà nínú ewu. Ìdí irun á máa sún kì. Irun tó yẹ kó dàgbà fún ọdún 2 sí 6 kó tó re, oṣù díẹ̀ ni yóò lò mọ́; èyí tó bá hù tẹ̀ lé e á tún tín-ín-rín sí i, títí á fi dà bí irun ara ọmọ ìkókó. DHT yìí kan náà ló sì ń mú irùngbọ̀n kún!

Abúlé Salinas ní Dominican Republic ló la àwọn onímọ̀ ìṣègùn lójú. Ní 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ibẹ̀ kan tí wọ́n rò pé obìnrin ni nígbà tí wọ́n bí wọn, àfi ìgbà tí wọ́n bàlágà tí nǹkan ọkùnrin wọn yọ. Ẹ́ńsáìmù yìí ni ara wọn kò ní tó. Nígbà tí wọ́n dàgbà, prósíteètì wọn (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpòòtọ̀) kéré, orí wọn kò sì pá.

Oògùn kan tó ń jẹ́ finasteride ń ṣe ohun tó jọ ti àwọn ọmọ Salinas yìí: ó ń dí ẹ́ńsáìmù náà lẹ́nu. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí mílígíráàmù 5 rẹ̀ fún prósíteètì tó wú ní 1992, wọ́n sì fọwọ́ sí mílígíráàmù 1 fún irun ní 1997. Kì í jí ìdí irun tó ti kú. Èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀, tó bá sì dá a dúró, láàárín ọdún kan, èrè rẹ̀ á ti lọ. Ó máa ń dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àwọn ọkùnrin kan kù. Ó tún ń fa èsì àyẹ̀wò PSA (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àrùn prósíteètì) wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì, nítorí náà ó yẹ kí dókítà mọ̀ pé èèyàn ń lò ó. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan hóró oògùn náà tó bá fọ́: ọmọkùnrin inú rẹ̀ nílò DHT kí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ tó lè pé, bí ti Salinas ṣe fi hàn.