Omi tó yí òrùka ṣúgà ká ló ń bá a yan ìrísí

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wo bí mólékù ṣe ń rìn lè sọ̀rọ̀ force field, ìyẹn òfin ìṣirò tó ń sọ bí átọ̀mù ṣe ń fa ara wọn tàbí ti ara wọn, títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ tó bá kan omi, wọ́n á kàn ní "TIP3P la lò", ìyẹn ọ̀kan lára omi àfiṣirò tí wọ́n ń lò nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì kọjá lọ. Ó máa ń dunni gan-an, torí tó bá jẹ́ cyclodextrin ńlá lò ń wò, ìyẹn òrùka tí ṣúgà glúkóòsì tó so kọ́ra wọn ṣe, omi yẹn wà lára ohun tó ń pinnu ìrísí tó o máa rí.

Cyclodextrin kékeré tí gbogbo ayé mọ̀, glúkóòsì 6, 7 tàbí 8 ni, ó le gbagidi bí ẹ̀gbà ọwọ́, wàhálà ẹ̀ ò pọ̀. Tó bá ti di 14 tàbí 26, ó ti kúrò ní ẹ̀gbà nìyẹn, ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí wọ́n jù sórí bẹ́ẹ̀dì: ó lè lọ́, ó lè ká mọ́ra, ó lè dà bíi nọ́ńbà 8, àárín ẹ̀ sì lè là gbayawu. Nínú kírísítà, onígulúkóòsì 26 yẹn lọ́ yípo-yípo ní apá méjì, níbi méjì tí apá wọ̀nyẹn ti pàdé, glúkóòsì kan kọjú sódì sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Tó bá wá wọnú omi ńkọ́? Glúkóòsì kọ̀ọ̀kan ń fi OH ẹ̀ di ti ẹnìkejì mú, hydrogen bond nìyẹn, omi náà sì fẹ́ OH kan náà. Tí omi bá borí, òrùka á là, tí omi ò bá lágbára tó, ṣúgà á gbá ṣúgà mú.

TIP3P tó dé ní 1983, chájì mẹ́ta péré ló ní, -0.834 lórí ọ́síjìn, +0.417 lórí háídírójìn kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n gidi ni fún kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn torí ìṣirò ẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n mólékù ẹ̀ ń sáré rìn ju ti omi gidi lọ ní ìlọ́po méjì ó lé. OPC, omi àfiṣirò míì tó dé ní 2014, gbé chájì òdì kúrò lórí ọ́síjìn lọ sójú kan tí kò sí átọ̀mù, ìrìn tiẹ̀ sì sún mọ́ ti omi gidi.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí o. Omi tó ń sáré á jẹ́ kí òrùka tètè kúrò ní ìrísí kan bọ́ sí òmíì, ìyẹn ò sọ pé ìrísí tó wù ú ti yí padà. Tó o bá ṣe simulation kúkúrú, ìyẹn wíwo ìrìn mólékù nínú kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀, tí òrùka inú OPC dúró sójú kan, má tíì sọ pé ibẹ̀ ló fẹ́, ó lè jẹ́ pé kò tíì ráyè kúrò ni. Bẹ̀rẹ̀ látorí ìrísí mẹ́ta mẹ́rin tí kò jọra, jẹ́ kí gbogbo wọn pẹ́ títí wọ́n á fi bára wọn mu, ìgbà yẹn lo tó lè fi omi wé omi.

Yíyan omi tó dáa jù nìkan ò tún tó, torí bí force field ṣe bá omi mu ló ṣe kókó. GLYCAM06, force field tí wọ́n ń lò fún ṣúgà, TIP3P ni wọ́n sábà ń fi tì í, nígbà tí wọ́n sì fi osmotic pressure, ìyẹn agbára tí omi fi ń wọ ibi tí ṣúgà wà, dán an wò, ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú òrùka ńlá, apá kan lè lẹ̀ mọ́ apá kejì bẹ́ẹ̀ náà, torí náà tí òrùka bá ká mọ́ra nínú TIP3P, kí wọ́n tún un ṣe nínú omi míì kí wọ́n tó gbé e síta.