Àhesọ: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn he

Ìgbín là ń he, ọsàn tó já bọ́ sábẹ́ igi là ń he. Ohun tí èèyàn bá he, òun kọ́ ló gbìn ín, kò sì rà á. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àhesọ rí: ọ̀rọ̀ tí wọ́n he nílẹ̀, tí wọ́n ń sọ kiri, tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí. Àgbọ́sọ sàn jù ú díẹ̀, torí a ṣì lè tọ́ka sí ẹni tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, abala 38 nínú òfin ẹ̀rí jíjẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2011 kò gba ẹ̀rí àgbọ́sọ nílé ẹjọ́, àfi níbi tí òfin bá ti yọ̀ǹda.

Àwọn kan ń pe òfófó ní àhesọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfófó lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé. Ẹ̀ṣẹ̀ olófòófó ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tí kò yẹ kó dé. Òun ni wọ́n ń sọ fún pé òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ.

Bí àhesọ ṣe ń dàgbà nìyí. Ìyá aláṣọ kan ò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta. Aládùúgbò kan bèèrè pé, "Àbí owó àjọ ló kó sá ni?" Ìbéèrè lásán ni. Ẹni tó gbọ́ ọ yọ "àbí" kúrò, ó fi "wọ́n ní" rọ́pò rẹ̀: "Wọ́n ní owó àjọ ló kó sá." Bí ẹnì kẹta bá ń jiyàn, wọ́n á ní bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ìyá náà tó ti Ìbàdàn dé, níbi tó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, ó ti dolè ládùúgbò.

Kì í ṣe ìkà nìkan ló ń gbé àhesọ rìn o. Ìfẹ́ tún máa ń mú un yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Nàìjíríà, ìpè ń wọlé lóru pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń pe bàbá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó kéré tán, èèyàn méjì ló kú nídìí omi iyọ̀ yẹn. Ká ní wọ́n bi ẹni tó ń pè lóru ọjọ́ náà pé, "Ta ló sọ fún ọ?", "wọ́n ní" náà ni ì bá fi dáhùn.